Hàjàrá Ọkọ̀ àti Ẹni Tó Fi Orúkọ Rẹ̀ Ránṣẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà kan, Alhaja Hàjàrá gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Ọ̀fà Gáréèjì, ó fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi ọwọ́ kejì gbá fáìlì kan mọ́ àyà. Naeem, mánéjà ẹ̀ka Ìlọrin, ń mu tíì lọ́wọ́ lókè, ó rò pé ẹrù ló sọnù fún un.

Kì í ṣe ẹrù. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Hàjàrá. Ó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú fáìlì ní sẹkitéríàtì kó tó fẹ̀yìntì, òun àti Huda, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì, ni wọ́n sì jọ ń gbé ní Ṣàngó. Ojú ń dùn ún. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé inú kúrùkúrù ló ti ń wo gbogbo ayé. Ilé-ìwòsàn ojú kan ní Ìbàdàn gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní àwọn yóò fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì. Wọ́n fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, lẹ́tà igba ó lé mọ́kànlá ló wọ inú àpótí ímeèlì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, àwọn kan ń ta oògùn ẹ̀yìn, àwọn kan ní ó ti jẹ tẹ́tẹ́. Lẹ́tà ilé-ìwòsàn wà láàárín wọn. Nígbà tí Huda fi máa rí i, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti kọjá pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì ti dá orúkọ Hàjàrá padà sí ìsàlẹ̀ ìwé àwọn tó ń dúró.

Hàjàrá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó bi Huda pé ta ló fún àwọn èèyàn yìí ní àdírẹ́sì òun. Huda ní kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ìyẹn. Hàjàrá ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń tọ́jú fáìlì, òun kò rí ẹyọ kan tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lọ́fíìsì. Ẹnì kan ló máa ń gbé e, ẹni náà sì máa ń ní orúkọ.

Huda bá ṣí àpótí tuntun fún un, ó sì kọ́ ọ ní ọgbọ́n kan. Ó ní bí èèyàn bá fi àmì ìròpọ̀ àti ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ nínú àdírẹ́sì, inú àpótí kan náà ni lẹ́tà yóò ṣì bọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yóò máa hàn lórí rẹ̀. Bí ibi kọ̀ọ̀kan bá wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, lẹ́tà tó bá dé yóò fúnra rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti rí àdírẹ́sì náà. Ó yé Hàjàrá kíákíá. Ó ní ìyẹn kò yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí òun máa ń kọ sẹ́yìn fáìlì. Ó fún ilé-ìwòsàn ní "oju". Ó fún ilé oògùn ní "oogun", ó fún àwọn tó ń gbé gáàsì wá sílé ní "gaasi", ó sì fún ilé-iṣẹ́ tó máa ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn ní "oko". Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù wọn, àti orúkọ àti àdírẹ́sì. Ó wá ń dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì já lu àpótí náà. Huda tẹ gbogbo wọn sórí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà kí ìyá àgbà lè rí i kà. Hajara Oko ni wọ́n kọ ọ́ sí látòkè délẹ̀. Hàjàrá kó wọn sínú fáìlì, ó fi okùn dì í, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ọ̀fà Gáréèjì.

Naeem kò tíì pé ogójì ọdún. Èèyàn tó mọ nǹkan ni, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó dáhùn sálámà Hàjàrá, ó fún un ní àga, ó fa bírò yọ, ó ní kí Màmá sọ ọjọ́ tí ẹrù sọnù àti àwọ̀ báàgì.

"Ẹrù kọ́," Hàjàrá wí. "Orúkọ mi ni."

"Orúkọ yín ló sọnù?"

"Kò sọnù. Ó ń rìn kiri ni. Ọ̀dọ̀ yín ló sì ti jáde."

Naeem rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní fóònù máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, kódà bí a bá pa á. Ó ní àwọn ará Rọ́ṣíà kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fa àdírẹ́sì yọ látinú afẹ́fẹ́ lọ. Ó ní ó tún lè jẹ́ pé Màmá fi fóònù síbi tí oòrùn ti pa á. Ó bá a lọ títí tíì fi tutù. Hàjàrá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó ṣí ìwé orúkọ àwọn oníbàárà kó wo tòun.

Kọ̀ǹpútà bèèrè páásíwọ̀ọ̀dù. Naeem ní kí òun tó tẹ̀ ẹ́, kí Màmá mọ̀ pé ní gbogbo ẹ̀ka Ìlọrin, èèyàn kan ṣoṣo ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù yìí. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ó dìde, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó bi ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ pé kí ni wọ́n yí i sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin náà ké e sókè fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ Òṣogbo bá a tún un ṣe, ó ní lẹ́tà ńlá ni.

Naeem padà jókòó, ó wá inú kọ̀ǹpútà.

"Mo ti rí i. Hàjàrá Oko. Ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi nìyẹn."

"Apá ibo ni oko yín wà, Màmá?"

"N kò ní oko."

"Ohun tó wà níbí nìyẹn. Oko."

"Kọ̀ǹpútà yín ni kò lámì lórí. Ọkọ̀ ni mo pè é."

"Ó ti yé mi. Ẹ ní ọkọ̀ tiyín, ẹ sì tún ń wọ tiwa. Ẹ ṣeun."

"N kò ní ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀."

Bọ́ọ̀sì kan tẹ họ́ọ̀nù nísàlẹ̀, ó gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà lọ. Naeem yẹ àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

"Màmá, mo ti níyàwó."

"Kí Ọlọ́run bá yín dá a sí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wí."

Ó tú okùn fáìlì. Ó sọ fún un pé ọkọ òun ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, òun kò sì wá òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn tó rí orúkọ náà kà á bó ṣe wù wọ́n. Àwọn méjìlá kà á sí oko, wọ́n fẹ́ ta ajílẹ̀ fún òun. Àwọn mọ́kàndínlógún kà á sí ọkọ, wọ́n sì ní àwọn ti rí ẹni tó yẹ òun. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà inú ọkọ̀ ojú omi tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

"Nínú gbogbo wọn," ó wí, "kò sí ẹni tó fi ọkọ̀ lọ̀ mí."

Naeem yẹ ìwé náà wò, ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n kí Màmá wo ilé oògùn dáadáa. Irú àwọn ibẹ̀ yẹn kò mọ àṣírí pa mọ́.

"Oogun ni mo fún wọn. Kò sí lẹ́tà tó wá sí oogun."

"Àwọn onígáàsì ńkọ́?"

"Gaasi dákẹ́."

"Ilé-ìwòsàn?"

"Oju náà dákẹ́. Oko nìkan ló ń pariwo."

Ìgbà yẹn ni Naeem mú tíkẹ́ẹ̀tì kan, ó yí i padà, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ àwọn kì í ta orúkọ oníbàárà fún ẹnikẹ́ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Hàjàrá ní òun kò sọ pé wọ́n tà á. Ó ní ó jáde ni òun wí. Ó ní ní sẹkitéríàtì, ìwé kan wà lórí tábìlì òun, ẹni tó bá fẹ́ gbé fáìlì yóò kọ orúkọ, yóò kọ ọjọ́, yóò fọwọ́ sí i. Níbí ńkọ́, ta ló ń fọwọ́ sí i? Naeem ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé òun nìkan ló ń ṣí ìwé náà. Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó wo ojú fèrèsé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun àti ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Kò dárúkọ ọkùnrin Òṣogbo.

Ó ku lẹ́tà márùn-ún tí Hàjàrá kò tíì kà. Ojú ti rẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ Naeem pé kó bá òun kà wọ́n, bóyá wọn yóò rí nǹkan dì mú nínú wọn. Inú Naeem dùn sí èyí. Ó fẹ́ràn kó máa ka Gẹ̀ẹ́sì sókè, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àgbàlagbà. Èyí àkọ́kọ́ ń ta oògùn tó ń mú irun hù. Èkejì ní wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ nínú tẹ́tẹ́. Ó mú ẹ̀kẹta, ó túnra ṣe.

"'Sí Hajara Oko tó níyì. Pẹ̀lú ayọ̀ ńlá ni a fi ń sọ fún ọ pé, lẹ́yìn ìwádìí tó jinlẹ̀, àjọ wa ti yàn ọ́ gẹ́gẹ́ bí Mánéjà Ìrìnnà Tó Pegedé Jù Lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà...'"

Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Hàjàrá kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀wù funfun kan níwájú fèrèsé ni gbogbo ohun tó ń rí. Ìwé tó ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́ tó dákẹ́.

"Ó tán ni?"

"Kò tán."

"Ẹ kà á lọ."

"Wọ́n ní kí ẹ wá gba àmì-ẹ̀yẹ yín ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àbújá."

"Èmi tí n kò lè wa kẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Naeem yí àga rẹ̀ sí ọ̀nà ògiri, níbi tí gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó wá sọ fún Hàjàrá, ó sì rọra ń sọ ọ́, pé òun ní irú lẹ́tà yìí nílé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ síra. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ó ní òun àti ìyàwó òun ló lọ sí Àbújá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òun rán babanrígà tuntun, wọ́n sì ya fọ́tò. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé èèyàn mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pè ní ẹni tó pegedé jù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun rò pé ọ̀nà tí kálukú gbà pegedé ló yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ló mẹ́nu ba bàbá rẹ̀. Àgbàdo àti ọkà bàbà ni bàbá rẹ̀ ń tà ní Ìpàtà, álífáà ló sì fẹ́ kí Naeem jẹ́, iṣẹ́ mọ́tò yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò yẹn dé, ó gbé e kiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo ọmọ òun.

Hàjàrá jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ó wá bi í ní ìbéèrè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bi àwọn ọ̀gá tí fáìlì bá pòórá lọ́wọ́ wọn.

"Báwo ni wọ́n ṣe yàn yín?"

"Ìbò ni."

"Àwọn wo ló dìbò?"

"Àwọn oníbàárà."

"Oníbàárà ta ni?"

"Tiwa."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí wọ́n máa fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí?"

Nísàlẹ̀, awakọ̀ kan ń pe Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn.

"Èmi ni mo fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí wọn," Naeem wí níkẹyìn. "Orúkọ àti àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀."

"Èèyàn mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ti ìpele kìn-ín-ní, ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n fi èyí tó tuntun ránṣẹ́ nítorí àṣekágbá."

Láti ìgbà tó ti wọlé, ẹ̀yin ni Hàjàrá ń pè é. Ìgbà yìí ló yí i padà.

"Ṣé mo dìbò fún ọ?"

"N kò mọ̀, Màmá. Wọ́n ní ìbò mi pọ̀ púpọ̀."

"N kò dìbò."

Ó sọ fún un nígbà náà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní ìpele kìn-ín-ní yẹn ni òun fi pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú òun. Ó ní títí di àárọ̀ yìí, òun kò lè mọ iye ìka tí òun nà bí òun bá na ọwọ́, òun kò sì tíì ka Kùránì pẹ̀lú ojú ara òun láti ìgbà ààwẹ̀. Naeem dìde. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àyè kò sí láàárín tábìlì àti ògiri, ó wá lóṣòó síbẹ̀ tó fi jẹ́ pé fìlà rẹ̀ nìkan ló hàn lókè tábìlì. Hàjàrá, tí kò rí fìlà náà pàápàá, bi í pé níbo ló lọ.

"Mo wà nílẹ̀, Màmá. Mò ń tọrọ àforíjì."

"Mo ti gbọ́. Dìde, kí o jókòó, kí o mú bírò."

Ó ní lẹ́tà ni òun fẹ́. Kó kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó náà, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Naeem ní bí olú ilé-iṣẹ́ bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wọn yóò lé òun. Hàjàrá kò bá a jiyàn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé e lóòótọ́. Ó kàn sọ pé nínú gbogbo èèyàn wọ̀nyẹn, kò lè máà sí ẹlòmíràn tó ń retí lẹ́tà dókítà, tàbí ti iṣẹ́, tàbí ti ọmọ tó wà lókèèrè, lẹ́tà náà sì lè ti dé, kó wà lábẹ́ oògùn ẹ̀yìn. Naeem wo kọ̀ǹpútà títí. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Èyí tó kọ́kọ́ kọ ní a ti ṣàkíyèsí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn àdírẹ́sì kan ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn kan.

"Bọ́?" Hàjàrá wí. "Ṣé bọ́tìnì ni?"

Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ ló fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Hàjàrá ní ilé-iṣẹ́ kò ní ọwọ́. Ó pa ìyẹn náà rẹ́, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pẹ́ kó tó tún tẹ nǹkan. Ohun tó wá kọ nìyí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kà á sókè:

"Èmi Naeem, mánéjà ẹ̀ka Ìlọrin, ni mo fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí àwọn tí n kò mọ̀, nítorí pé wọ́n ní àwọn yóò fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ. Mo gbà á. Ẹ má ṣe dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín. Ẹ wo inú àpótí yín dáadáa, kí lẹ́tà tí ẹ ń retí má baà sọnù sáàárín tiwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Hàjàrá ní ó dára. Ó yọ awò rẹ̀ tó nípọn, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí lẹ́tà náà. Naeem ti na ìka láti fi í ránṣẹ́.

"Kí ni gbogbo èyí tó tò sókè bí èèrà?"

"Àdírẹ́sì àwọn tí lẹ́tà ń lọ bá ni, Màmá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn ni. Mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wá rí ti àwọn yòókù?"

Naeem fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó pe ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì pé kó jọ̀wọ́ gòkè wá, kó má ké e láti ìsàlẹ̀. Òun ló fi ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí hàn án kí ẹnikẹ́ni má baà rí ti ẹnìkejì. Lẹ́tà náà lọ ní nǹkan bí agogo méjìlá. Naeem tẹ̀ lé Hàjàrá sọ̀kalẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, èsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ èébú. Ìyá kan ní Tánkẹ̀ kọ̀wé pé nígbà tí òun ka lẹ́tà náà tán ni òun lọ wo inú àpótí òun, òun sì bá ìwé tí iléèwé fi gba ọmọ òun wọlé, ó ku ọjọ́ méjì kí àyè rẹ̀ bọ́. Naeem tẹ ìyẹn sórí ìwé, ó kó o sápò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Ìpàtà, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ náà fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Bàbá náà ń fi ọwọ́ tú ọkà bàbà. Ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò ní yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri, nítorí babanrígà yẹn bá Naeem mu.

Ní ti Hàjàrá, Huda ṣe é kó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti wá sí "oko", inú pàǹtírí ni yóò máa bọ́ sí tààrà. Ó di pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló wọ àpótí náà láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. "Oju" ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àyè kan ṣófo, kó máa bọ̀ ní Àlàrùbá. Òun àti Huda wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n ṣe ojú ọ̀tún fún un, wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bò ó lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó padà wá fún ti òsì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, Hàjàrá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì ka gbogbo pátákó tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin sókè, àti ti mọ́sáláṣí, àti ti iléèwé, àti ti àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù. Huda kò ní kó dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, lọ́jọ́ Àlámísì, fóònù rẹ̀ dún. Òun fúnra rẹ̀ ló ka orúkọ tó wà lójú rẹ̀.

"Màmá, ara ojú yẹn ńkọ́?"

"Alhamdulillahi, Naeem. Ṣé wọ́n ti lé ọ?"

"Wọn kò lé mi. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn." Ayọ̀ pọ̀ nínú ohùn rẹ̀, àyà rẹ̀ ti padà sípò. "Olú ilé-iṣẹ́ kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá tí yóò máa ṣọ́ àṣírí oníbàárà ní gbogbo ẹ̀ka wa. Wọ́n ní nínú gbogbo mánéjà, èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde."

"Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i. Ta ló mú ìwé náà wá?"

"Orí ímeèlì ló gbà wá."

"Kí ni wọ́n ní kí o kọ́kọ́ ṣe?"

"Kò le rárá. Wọ́n ní kí n kó orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo oníbàárà jọ, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀."

Hàjàrá dúró kó gbọ́ ohun tó sọ fúnra rẹ̀. Naeem dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Hàjàrá fi ń gbọ́ awakọ̀ tó ń pe Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá," ó wí níkẹyìn, "ẹ jọ̀wọ́, n óò pè yín padà."